Ìlú Tí A Kò Kà, Ọmọ Tí Kò Lè Kà



Nínú èdè tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe iṣẹ́ méjì. Àgbẹ̀ tí ó ń wo iye ebè tí ó kọ ní oko, a ní ó ń kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí ìwé tí ó sì ń gbọ́ ohun tí ìwé náà ń sọ, a ní ó ń kà á. Nínú ìwé wa ti oṣù yìí, àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kíkà méjèèjì pọ̀, nítorí ó dá wa lójú pé níbi tí ọ̀kan bá ti fà sẹ́yìn, èkejì kò lè lọ síwájú. Ìlú tí kò mọ iye ènìyàn inú rẹ̀ kò lè mọ iye àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ìlú tí kò sì mọ iye àwọn tí kò mọ̀wé, inú òkùnkùn ni yóò ti máa kọ́ ilé-ìwé, inú òkùnkùn ni yóò sì ti máa wá olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìgbà ìkẹyìn tí àwọn olùkànìyàn kan ìlẹ̀kùn wa ní Ìta-Ògbólú ni oṣù kẹta ọdún 2006. Láti ọjọ́ kọkànlélógún títí dé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni wọ́n fi ka gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì sọ fún wa pé àpapọ̀ wa jẹ́ 140,431,790. Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ 3,460,877. Ọkùnrin jẹ́ 1,745,057 nínú wọn, obìnrin sì jẹ́ 1,715,820. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìjù àti Ìta-Ògbólú wa yìí, ní ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 131,000. Lẹ́yìn èyí, a kò rí ìkànìyàn mìíràn. Èyí tí a fi sí oṣù kárùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ ni ó kù kí ó bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba fi sún un síwájú.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ọmọ tí a bí ní oṣù kẹrin ọdún 2006 ti di ẹni tí ó lè dìbò yan gómìnà àti ààrẹ. Ó ti lè ṣe ìgbéyàwó. Ó ti lè ní ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀, olùkànìyàn kan kò tíì kà á rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Gbogbo àwọn ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa lónìí, láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé kíláàsì kẹfà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìkànìyàn kankan. Ìfojúdá ni gbogbo iye tí à ń gbọ́ láti ìgbà náà wá. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mú iye ti ọdún 2006, wọ́n fi ìdá tí wọ́n rò pé à ń fi pọ̀ sí i lọ́dọọdún kún un, wọ́n sì gbé e jáde.

Àwa kò sọ pé ìfojúdá jẹ́ irọ́. Bí kò bá sí oògùn, omi tútù náà wúlò. Ṣùgbọ́n ìfojúdá a máa gbà pé gbogbo ìlú ń dàgbà bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí à ń gbé ìhín mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bà-Ilé tí í ṣe ìlú kékeré nígbà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ Àkúrẹ́ nítorí ilé tuntun. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ń kún sí i nítorí ọjà àti oko tí ó ń fa àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Ní ìdà kejì, àwọn abúlé kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó kúrò nínú wọn, tí ó fi ku kìkì àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ ọmọ tí a fi sí wọn lọ́wọ́. Ìfojúdá kan náà ni a fi ń wọn gbogbo wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní ọdún 1991, nígbà tí Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ 3,785,338. Bí a bá yọ apá tí ó di Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 kúrò, èyí tí í ṣe 1,535,790, iye tí ó kù fún àwa jẹ́ 2,249,548. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2006, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, a fi ènìyàn tí ó ju 1,200,000 lọ pọ̀ sí i, bí a bá gba ìwé ìkànìyàn méjèèjì gbọ́. Èyí ju ìdajì iye wa àtijọ́ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-ìwé oníyàrá mẹ́fà gbọ́dọ̀ di oníyàrá mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ tó lè jókòó bí wọ́n ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Àkókò tí ó ti kọjá láti ọdún 2006 sì ti ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà lọ. Yàrá mélòó ni ó yẹ kí a ti kọ́? Níbo ni ó yẹ kí a kọ́ wọn sí? Kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú dáhùn.

Kì í sì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Iye ènìyàn wà lára ohun tí a fi ń pín owó láàárín àwọn ìpínlẹ̀, òun náà ni a sì fi ń pín àga ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá. Àga mẹ́sàn-án nínú 360 ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní. Àríwá Àkúrẹ́ àti Gúúsù Àkúrẹ́ sì jọ ń rán aṣòfin kan ṣoṣo. Bóyá èyí tọ́, bóyá kò tọ́, ẹni tí a kò kà kò lè jà fún un.

Kí ni ó wá fà á tí kíkà ènìyàn fi ṣòro tó báyìí láàárín wa? Àwọn baba wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa kò ní fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ọmọ kì í ṣe ẹrù ọjà. Ẹni tí ó bá ń nawọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ tí ó ń pe iye wọn síta, ẹ̀rù ni ó jẹ́ fún ìyá tí ikú ti mú ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí ni owó orí dé. Lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá wá béèrè iye ọkùnrin tí ó wà ní agboolé, owó orí ni ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nínú ìkànìyàn ọdún 1931 pàápàá, ní ibi púpọ̀, ìwé owó orí ni a fi ṣírò iye ènìyàn. Ta ni yóò wá jáde síta fún irú ìkànìyàn bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, nǹkan yí padà. Àwọn tí wọ́n ń sá fún ìkànìyàn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi kún iye ara wọn, nítorí wọ́n ti rí i pé iye ni a fi ń pín agbára. Ìkànìyàn ọdún 1962 ni a fagi lé. Ti ọdún 1963 rọ́pò rẹ̀, àríyànjiyàn sì tẹ̀lé e. Ti ọdún 1973 náà ni a fagi lé ní ọdún 1975. Nígbà tí ti ọdún 2006 jáde, tí ó fún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 9,013,534, ìjọba Èkó kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìkànìyàn tí àwọn fúnra wọn ṣe fi hàn pé àwọn ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ. Bí kíkà ti di ìjàdù nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Orí àwọn ọmọdé ni òtítọ́ nípa iye ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ já lé.

A ní ẹ̀rí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, tí S. O. Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti nǹkan bí 457,000 ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní ọdún 1954, iye wọn fò sókè sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Nígbà tí ó fi di ọdún 1958, wọ́n ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, ìran wa kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ láé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, Ìjọba Àpapọ̀ ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nítorí pé a ti fagi lé ìkànìyàn ọdún 1973, ìfojúdá tí a gbé ka orí ti ọdún 1963 ni wọ́n fi ṣe ètò náà. Ọmọ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ń retí ní kíláàsì kìn-ín-ní. Àwọn tí ó dé tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta. Olùkọ́ kò tó, àga kò tó, ìwé kò tó. Bí a kò ṣe mọ iye àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ni a pè wọ́n sí àsè tí oúnjẹ rẹ̀ kò lè kárí.

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí ni kíkà kejì ti wọlé. Báwo ni ìmọ̀wé ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹni tí ó bá wo ìtàn yóò rí i pé ó gba ojú ọ̀nà kan wá, kì í ṣe gbogbo ọ̀nà. Charles Phillips ti ìjọ C.M.S. dé ìlú Oǹdó ní ọdún 1877, ìwé ABD sì bá a dé. Ní ọdún 1919, Àlùfáà M. C. Adéyẹmí dá Ondo Boys' High School sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́, ọdún 1951 ni Aquinas College bẹ̀rẹ̀, ọdún 1953 sì ni ti Ọyẹ́mẹ̀kun. Láti Oǹdó dé Àkúrẹ́ kò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Oǹdó fi ṣíwájú méjèèjì wọ̀nyí. Bí ó bá rí báyìí láàárín ìlú ńlá méjì, kí ni kí a sọ nípa abúlé tí ó wà nínú igbó kòkó? Nígbà tí wọ́n ka Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1952, àwọn tí ó lè ka ìwé nínú àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún méje kò tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Àwọn ọmọ ìgbà náà ni àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wa lónìí.

Nítorí náà, ìmọ̀wé kò tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ wa bí omi òjò. Ó pọ̀ ní ìlú ju oko lọ, ó pọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ ju àgbà lọ, ó sì pọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin ju obìnrin lọ. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe ká Nàìjíríà lórí ìlera àti ìgbé-ayé ènìyàn ní ọdún 2018, nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, ọkùnrin 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀wé, obìnrin 53 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀ ọ́n. Àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn sàn ju èyí lọ, a sì máa ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí a ti ṣe ń mọ ẹni tí ó mọ̀wé. Nínú ìwádìí yẹn, wọ́n gbé gbólóhùn kan fún ènìyàn láti kà. Ẹni tí ó lè ka díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a kọ sílẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀wé. Ẹni tí ó bá sì ti kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ girama, a kò gbé gbólóhùn kankan fún un. A kàn gbà pé ó mọ̀wé ni. Gbólóhùn kan kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn kì í sì í ṣe ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé kì í ṣe ọmọ tí ó mọ̀wé, títí yóò fi kà á kí a gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ẹlòmíràn, nítorí àwòkọ́ṣe dára. Ní ìhà gúúsù India ni ìpínlẹ̀ kan wà tí à ń pè ní Kerala. Èdè Malayalam ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, ọ̀rọ̀ èdè yìí gan-an ni a sì fi kó wọn jọ di ìpínlẹ̀ kan ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1956. Wọ́n máa ń gbin àgbọn, rọ́bà àti ata níbẹ̀. Iye wọn ní ọdún 2011 lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá iye tí a kà fún Oǹdó ní ọdún 2006. Ní ọdún 1951, ènìyàn 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀wé níbẹ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n ti di 94 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí gbogbo India lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 73. Àwọn obìnrin wọn pàápàá jẹ́ 92 nínú ọgọ́rùn-ún.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Kì í ṣe oògùn. Lọ́nà kìn-ín-ní, wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1817 ni ayaba Gowri Parvati Bai ti ilẹ̀ Travancore pàṣẹ pé kí ìjọba máa san owó ẹ̀kọ́ àwọn ará ìlú. Lọ́nà kejì, wọ́n ń ka ara wọn: láti ọdún 1881 títí dé ọdún 2011, ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni India ń ka ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ti ọdún 2021 yẹ̀ nítorí àrùn kòrónà, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn kò dákẹ́, wọ́n ń kígbe pé òkùnkùn ti wọlé. Lọ́nà kẹta, tí í ṣe èyí tí ó dùn mọ́ wa jù, ìlànà ìkànìyàn wọn sọ pé ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún méje, tí ó lè kà tí ó sì lè kọ ní èdè yòówù kí ó jẹ́, tí ohun tí ó kà sì yé e, ẹni tí ó mọ̀wé ni. Wọn kò béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí iṣẹ́ náà, ní agbègbè Ernakulam ní ọdún 1989, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kọ́kọ́ lọ láti ilé dé ilé, wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò mọ̀wé sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Kíkà ènìyàn ni ó ṣáájú kíkà ìwé. Ní ọdún 1990, a kéde pé agbègbè náà ti bọ́ lọ́wọ́ àìmọ̀wé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1991, a kéde kan náà fún gbogbo Kerala. Èso mìíràn sì jáde nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 2001 sí 2011, iye ènìyàn Kerala kò fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ka ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin mọ́ ara ohun tí ó fa èyí: ọmọbìnrin tí ó kàwé a máa pẹ́ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ, ọmọ tí ó bá sì bí, òun fúnra rẹ̀ ni í yan iye tí agbára rẹ̀ lè tọ́.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀nà India jìn. Ilé-Ifẹ̀ kò jìn. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ti Yorùbá kò rẹ̀yìn. Wọ́n yọrí ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún.

Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ ni pé ní Àkúrẹ́ wa níbí, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ péjọ, lẹ́yìn ìpàdé náà sì ni Mínísítà Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí tí a gbọ́ ni pé ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ni, àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ìjọba, àwa ń béèrè pé: àwọn ọmọ wo? Ìparí ọdún 2022 ni ìlànà náà jáde. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lábẹ́ rẹ̀ kò tíì kọjá kíláàsì kẹrin nígbà tí a fagi lé e. Báwo ni yóò ti ṣe fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde girama? A kò ka iye ilé-ìwé tí ó lo ìlànà náà, a kò ka iye olùkọ́ tí a kọ́ fún un, a kò ka iye ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ fún un; a kàn dá a lẹ́jọ́ ni. Ẹjọ́ tí a dá láìka ohunkóhun, ìfojúdá ni òun náà.

A mọ̀ pé òbí púpọ̀ yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fún ọmọ ní iṣẹ́. Òtítọ́ ni, àwa kò sì sọ pé kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí à ń sọ ni pé ọmọ tí kò mọ bí a ti ń kàwé ní èdè tí ó gbọ́ láti inú oyún, bí a bá gbé èdè tí kò gbọ́ síwájú rẹ̀, yóò há a sórí bí ayékòótọ́, yóò sì jáde ní ilé-ìwé láìní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Òkè-Ìgbó ni ilé D. O. Fágúnwà, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938. Ẹ wò ó bóyá ọmọ yín tí ó wà ní kíláàsì kẹfà lè ka ojú ewé kan nínú rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ìjọba, a kò sì lè ṣe ìkànìyàn tí òfin fi lé Àjọ Ìkànìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ìlú má mọ ara rẹ̀. Nítorí náà, a ń gbé nǹkan mẹ́rin kalẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, fún àwọn ọba àti àwọn olórí àdúgbò, àti fún gbogbo ìjọ àti mọ́sálásí.

Èkínní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, nínú èyí tí a ó kọ iye ènìyàn tí ó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan sí, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Kí a má béèrè owó tí ẹnikẹ́ni ń pa, kí a má béèrè ẹ̀sìn rẹ̀, kí a má sì béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹni tí àdúgbò fọkàn tán. Bí a bá bí ọmọ, kí a kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá kú tàbí ó kó lọ, kí a kọ ọ́.

Èkejì, kí a mú ìwé Yorùbá kan tí ó rọrùn, kí a sì ní kí gbogbo ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún méje ka ìlà márùn-ún nínú rẹ̀. Kí a kọ ẹni tí ó kà á geere sí ọ̀tọ̀, ẹni tí ó ń fà á sí ọ̀tọ̀, ẹni tí kò lè kà á rárá sí ọ̀tọ̀. Kí a má bi í pé kíláàsì mélòó ni ó kà. Etí wa ni yóò sọ fún wa.

Ẹ̀kẹta, kí a dé oko. Kí a má ka ìlú kí a fi abúlé sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àìmọ̀wé ti jókòó sí. A ó sì bá àwọn àlejò wa níbẹ̀, Ìgbìrà, Ìgbò àti àwọn mìíràn, tí wọ́n ń dáko pẹ̀lú wa. Àwọn ọmọ wọn ń jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ẹ kà wọ́n. Ẹni tí ó bá sì lè kàwé ní èdè ìyá rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ó mọ̀wé. Ohun tí a ń béèrè fún èdè wa, ẹ má jẹ́ kí a fi du èdè ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, níbi tí a bá ti rí àwọn tí kò lè kà, pàápàá àwọn ìyá, kí a ṣí ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ní èdè Yorùbá, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ láàárín wa. Púpọ̀ nínú wọn yóò dùn láti tún rí ojú akẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ìkànìyàn ìjọba bá sì padà dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù jókòó sí ibi tí ó ń gbé kí a kà á níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni má pe òkú mọ́ alààyè, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọ pamọ́. Bí iye wa bá kéré ju bí a ti rò lọ, kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Iye kékeré tí ó jẹ́ òtítọ́, a lè gbé ilé-ìwé kà á. Iye ńlá tí ó jẹ́ irọ́, yàrá òfìfo àti yàrá tí ó há ni yóò bí fún wa.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa fi kún un pé a kò lè kọ́ ọmọ tí a kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀yin ará Ìta-Ògbólú, ẹ̀yin ará Ìjù, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ìwé àdúgbò kò ju owó ìwé kan àti kálámù kan lọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí. Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ọgbọ́n àti ìfaradà láti parí rẹ̀. Àṣẹ.